Ìró Ìlú, Ẹ̀rọ àti Àwọn Tó Ni Ohùn



Afọ́jú tó ń gbé Èkó mọ ibi tó dé. Etí ló fi ń mọ̀ ọ́n. Kọ́ńdọ́ tó ń ké "Ọbalẹ́ńdé! CMS!" ti júwe ọ̀nà fún un. Èrò tó pariwo "Ó wà o!" ti jẹ́ kó mọ̀ pé ibùdókọ̀ kù díẹ̀. Ìró wà lára ohun tí a fi ń dá ìlú mọ̀, bí òkè àti ọ̀sà.

Emeka Ogboh, ọmọ Enugu tó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní Nsukka, mú ọ̀rọ̀ yìí ní òkúnkúndùn. Ní 2008 ó lọ sí Fayoum nílẹ̀ Íjíbítì, ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti là sí iṣẹ́ ọnà ìró. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìró Èkó sílẹ̀: danfó, mólúè, ọjà, ìpè kọ́ńdọ́. Lóṣù kẹta ọdún yẹn kan náà ni ọkọ̀ BRT bọ́ sójú títì. Nígbà náà, èrò ń tò, wọ́n ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, kọ́ńdọ́ kò sì ní láti ké mọ́. Ó tù wá lára, mi ò sì ní kí a padà sínú mólúè. Ṣùgbọ́n bí mólúè ti ń kúrò lọ́nà ni ìpè tó ń bá a rìn ń lọ.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù nínú iṣẹ́ Ogboh ni *Market Symphony*. Ọjà Balógun l'Ékòó ló ti gba ìró rẹ̀. Ó wá de ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ àwọn àwo tánganran pẹrẹsẹ, irú èyí tí àwọn ìyá ọlọ́jà ń pàtẹ lé lórí, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ ní 2016 nílé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà Áfíríkà ní Washington. Àwo tó máa ń ru ọjà ló wá ń ru ohùn ọlọ́jà. Ẹni tí kò gbọ́ èdè wa yóò gbọ́ bí ìpolówó ti ń lọ sókè sódò, bí ohùn kan ti ń wá àlàfo láàárín ohùn mìíràn. Àwọn kan ń pè é ní ariwo. Èmi kò gbà. Ewì ni ìpolówó, ètò sì wà nínú rẹ̀.

Ṣáájú èyí, ní Venice ní 2015, Ogboh kó ohùn àwọn ọmọ Áfíríkà mẹ́wàá tó ń gbé Berlin jọ. Wọ́n kọ orin orílẹ̀-èdè Jámánì ní èdè abínibí wọn, Yorùbá àti Ígbò wà níbẹ̀. Àjèjì ni wọ́n ń pè wọ́n níbi tí wọ́n ń gbé, síbẹ̀ àwọn ló ń kọrin ìlú.

Ogboh ti gba ìró Balógun sílẹ̀; ta ni yóò wá gba ti ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn sílẹ̀ kí ó tó yí padà? Fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó síbí. Ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyálọ́jà, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ohùn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀ sí ilé ìkàwé wa, kí ẹ sì gbé gbohùngbohùn lọ sínú ọjà, kí àwọn tó ni ín kọ́kọ́ gbọ́ ọ.