Ọkọ̀ Kékeré Tókùnbọ̀ àti Owó Àtúnṣe Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa, Sábọ́n Gàrí, Kánò

Ní ìpàdé tó kọjá ni ẹ ní kí àwa mẹ́ta tí a ti ń wa ọkọ̀ ara wa láti ọjọ́ pípẹ́ wá bá yín sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ kékeré tókùnbọ̀, nítorí pé ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń fi owó àjẹṣẹ́kù tí ẹ ń yá rà báyìí. A kì í ṣe mẹkáníìkì o. Ṣùgbọ́n owó tí a ti kó fún mẹkáníìkì pọ̀ tó kí a lè sọ̀rọ̀.

Ọ̀kan nínú wa ra Nissan Micra kan, irú èyí tí àwọn ará Ìbàdàn fi ń ṣe takisí, tí wọ́n dá lọ́lá ní Yúróòpù ní 1993 pé òun ni ọkọ̀ ọdún náà. Ó dára lójú, kì í sì í mu epo. Nígbà tí Iléyá ń bọ̀, àwa mẹ́ta àti ìyàwó rẹ̀ di ẹrù wa, ó di ilé. A kọjá Zaria díẹ̀ ni abẹ́rẹ́ tí ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn bẹ̀rẹ̀ sí gòkè. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ní, "Ẹ jẹ́ kí a sáà dé Kàdúná ná." Àwa náà gbà fún un, nítorí gbogbo yín mọ̀ pé kì í ṣe ojú ọ̀nà ni ènìyàn ń dúró sí ní ayé ajínigbé yìí. Kò pẹ́ tí èéfín funfun fi ń jáde nídìí ọkọ̀, agbára rẹ̀ tán, ó kú. Ọmọkùnrin kan sáré wá láti abúlé ẹ̀bá ọ̀nà pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, ó ń pariwo, "Ruwa! Ruwa!" A gba omi náà, a sì dà á sínú ẹ́ńjìnnì bó ṣe gbóná janjan. Àṣìṣe kejì nìyẹn. Irin gbígbóná tí omi tútù bá bà lójijì lè tẹ̀, ó sì lè sán.

Ní Kàdúná, mẹkáníìkì tú orí ẹ́ńjìnnì. Top gasket ti jó, orí ẹ́ńjìnnì náà sì ti tẹ̀. Ẹ gbọ́ bí owó ṣe lọ. Gasket fúnra rẹ̀ kò wọ́n. Owó ọkọ̀ tó wọ́ wa dé ìlú ni, owó tọ́nà tó fá orí ẹ́ńjìnnì kí ó lè tẹ́jú, owó ọ́ìlì titun, nítorí omi ti dà pọ̀ mọ́ ti tẹ́lẹ̀ ó sì rí bí ògì, owó iṣẹ́, owó ilé tí a sùn fún òru méjì, àti owó mọ́tò tí ìyàwó fi lọ sílé kí ọdún má baà bá a lójú ọ̀nà. Nígbà tí a ṣírò rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí ó fi ra ọkọ̀. Kí ni ó sì fa gbogbo rẹ̀? Rọ́bà omi kan tó ti gbó tó sì là, tí owó rẹ̀ kò ju owó abọ́ ìrẹsì méjì lọ.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ omi ni a fẹ́ kí ẹ mú ní pàtàkì. Ooru ìhín kò dà bí ti ilé. Ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, ooru ọ̀sán Kánò a máa súnmọ́ 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nígbà mìíràn a sì kọjá rẹ̀. Ọkọ̀ tí rédíétọ̀ rẹ̀ ti dí díẹ̀ lè máa rìn dáadáa nínú ọyẹ́, kí àṣírí rẹ̀ wá tú ní oṣù kẹta. Ẹ máa wo omi ní àárọ̀ kí ẹ tó ṣíná. Ẹ má ṣí i nígbà tó bá gbóná, yóò bó yín lójú. Ìdérí rédíétọ̀ kì í ṣe ìdérí lásán. Òun ni ó ń há omi mọ́ tí omi kì í fi í hó ní 100. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ti rọ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Coolant ni kí ẹ sì máa lò, nítorí omi kànga a máa mú dógùn-ún wá.

Àwọn mẹkáníìkì kan ní àṣà tí àwa kò fara mọ́: wọn a yọ thermostat dànù, wọn a ní ilẹ̀ gbígbóná kò nílò rẹ̀. Ilẹ̀kùn ni thermostat, tó ń ṣí fún omi nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tó, ní nǹkan bí 80 sí 90. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì á máa rìn bí ẹni tí òtútù ń mú, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ á máa bu epo sí i, ẹ̀yin á sì máa sọ pé ọkọ̀ yín ti di ọ̀mu. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ta ni ó lè fi epo ṣòfò nínú wa?

Eruku ọyẹ́ ńkọ́? Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, ẹ máa tú fílítà afẹ́fẹ́ gbọ̀n ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Titun kò wọ́n. Eruku tó bá ráàyè wọ inú ẹ́ńjìnnì yóò máa ha irin bí yanrìn ni.

Ọ́ìlì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo 5,000 kìlómítà. Ṣéènì ni Micra yẹn ń lò fún timing. Ọ́ìlì dídọ̀tí a máa jẹ ẹ́, ẹ ó sì gbọ́ ìró rẹ̀ ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ bí ẹ bá ṣíná ní àárọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ kékeré mìíràn wà, bí Peugeot 206, tó jẹ́ bẹ́líìtì rọ́bà. Bí ó bá já lórí ìrìn, àwọn valve lè tẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ olùtà gbọ́ lórí èyí. Bí ẹ kò bá mọ ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó rin ìrìn àjò kankan.

Ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò nira púpọ̀. Bí ó bá ń dún kọ́kọ́kọ́ nígbà tí ẹ bá ń yí i, rọ́bà ìdí ṣáfùtì ló ti ya tí yanrìn sì ti wọ̀ ọ́. Rọ́bà yẹn ni kí ẹ tètè pààrọ̀, torí ṣáfùtì wọ́n jù ú lọ fíìfíì. Ti táyà, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn DOT ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ní ọdún 2019. Táyà tókùnbọ̀ tí ihò rẹ̀ ṣì jìn lè ti gbó ju olówó rẹ̀ lọ! Ti AC, kí ẹni tó bá ní owó lọ ṣe é; fèrèsé ni tiwa.

Ẹni tó bá yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́, a bẹ̀ ẹ́, kí ó má fi gbogbo rẹ̀ ra ọkọ̀. Kí ó fi ìdá kan nínú márùn-ún pamọ́ fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, nítorí ìgbà náà ni ohun tí olùtà lẹ̀ mọ́ ọn ń ṣí. Ẹ̀yà ara ọkọ̀, ilẹ̀ òkèèrè ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá, bí náírà bá sì ti ṣubú, owó wọn á gòkè. Mẹkáníìkì tí olùtà fi hàn yín, ẹ má lò ó.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ wo ọkọ̀, kí ó sọ fún wa ní ìpàdé. Ọ̀kan nínú wa yóò bá a lọ. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni a ó sì lọ, kí wọ́n tó ráàyè ṣíná fún un, kí a lè fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì náà ní tútù.