Ọkọ̀ Tí A Fi Ń Fọ Fèrèsé: Ohun Tí Omi Fi Kọ́ Wa Lọ́gbọ́n

Èmi náà ni, láti Ilé-Ogbó, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Bí dátà yín kò bá tó láti gbọ́ ohùn, ẹ má ṣèyọnu, gbogbo ohun tí mo sọ ló wà nínú ẹ̀dà tí a kọ sílẹ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ n fi ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ra kòròpé tí a ó máa fi ṣiṣẹ́ fèrèsé fífọ̀, a gbé e lọ bá ẹni tó máa ń kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sí i lára: A N FO FERESE. Kò fi àmì kankan sí i. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbé e jáde, bàbá kan tó jókòó níwájú ilé rẹ̀ pè wá: "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ wá ná. Ṣé ẹ̀ ń fọ̀ ọ́ ni, àbí ẹ̀ ń fọ́ ọ?" Gbogbo àdúgbò bú sẹ́rìn-ín. A padà lọ bá ọkùnrin náà, ó fi àmì sí i.

Ẹ̀rín yẹn kò pẹ́ lẹ́nu wa. Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọkọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo sì jẹ̀bi jù. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp pé ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí, pé kí n ka ohun tí ẹ máa rà fún yín. Mo máa kà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí àwa rà tí kò yẹ ká rà.

Ẹ̀gbọ́n mi ti fọ gíláàsì fún ọdún mẹ́rin ní Ìbàdàn kó tó padà wálé. Ẹ rántí 29 oṣù karùn-ún 2023, ọjọ́ tí Ààrẹ sọ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà epo bẹntiróòlù kan kọjá 500 náírà. Owó ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ owó oṣù rẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, bí n bá máa jìyà, kí n jẹ ẹ́ nílé." Ó kó owó tó ti fi pamọ́ sílẹ̀, èmi ta ọ̀kan nínú kámẹ́rà mi, ìyá wa sì yá èyí tó kù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wọn. Oṣù 18 ni wọ́n fún un láti fi san án. Ẹ̀yin tó mọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ẹ mọ̀ pé bí ènìyàn kò bá san án, onídùúró rẹ̀ ni wọ́n máa mú. Ọ̀rẹ́ ìyá wa méjì ló dúró fún un.

Àwọn kan bi wá pé, ta ló máa sanwó fún fèrèsé fífọ̀ ní Ilé-Ogbó? Ẹ wò ó, àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ń kọ́lé sílé, gíláàsì ni wọ́n sì fi ń ṣe gbogbo ojú ilé. Wọn kì í wálé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, Iléyá tàbí Kérésìmesì, wọn kò sì fẹ́ bá eruku ọyẹ́ lójú fèrèsé. Ìwó kò jìnnà sí wa, báńkì, ilé ìtura àti ilé ìwòsàn wà níbẹ̀. Yunifásítì Bowen náà wà níbẹ̀ láti 2002, àwọn ilé tí wọ́n ń fi háyà fún àwọn ọmọléèwé kò sì lóǹkà. Iṣẹ́ wà.

Ibi tí mo ti ṣìnà rèé. Ìbátan wa kan tó wà ní Manchester fi fídíò ránṣẹ́. Ọkọ̀ ńlá, táǹkì omi nínú rẹ̀, họ́ọ̀sì gígùn, ọ̀pá tó ga tó ilé alájà mẹ́ta, tí búrọ́ọ̀ṣì wà lórí rẹ̀. Ènìyàn dúró sílẹ̀, ó ń fọ fèrèsé òkè. Ojú mi wọ̀ ọ́. Ẹ má gbàgbé, fídíò yíyà àti ohùn gbígbà ni iṣẹ́ mi. Èyí tó máa dára lójú ni mo kọ́kọ́ máa ń rí. Ẹ̀gbọ́n mi ní garawa àti àkàbà ti tó wa. Mo ní rárá, kí a gbé táǹkì 500 lítà sínú kòròpé, kí a gbé jẹnẹrétọ̀ tì í, kí àwọn ènìyàn rí i pé a kì í ṣe ọmọdé. Ó kọ̀, mo bẹ̀ ẹ́, ó gbà. A fi okùn so táǹkì náà mọ́lẹ̀. Okùn lásán.

Mi ò sí nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo wà nílé, mò ń tún fídíò táǹkì ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló ń wa ọkọ̀ lọ sí Ìwó lẹ́yìn iṣẹ́ kan, omi inú táǹkì sì ti dín kù sí ìdajì. Ẹ̀yin tó ti ru omi rí, ẹ mọ̀ pé garawa tó kún dáadáa kì í jà mọ́ni lórí tó èyí tó kún dé ìdajì. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, ewúrẹ́ sáré kọjá, ó tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ fẹ́ dúró, omi kò dúró. Omi rọ́ síwájú, okùn já, táǹkì gbá ẹ̀yìn ìjókòó rẹ̀, kòròpé wọ gọ́tà. Egungun èjìká rẹ̀ ṣẹ́.

Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, ó wò mí, ó ní, "Àbúrò, ṣé fídíò yẹn dára?" Kò fi ṣe ẹ̀gàn. Ó fẹ́ kí ara tù mí ni. Mi ò lè dá a lóhùn. Mo bọ́ síta, mo pa fídíò náà rẹ́ lórí fóònù.

Oṣù méjì ló fi gbé apá kọ́ ọrùn. Nínú oṣù méjì yẹn, ìyá wa ń san owó ẹgbẹ́ láti inú ọjà tirẹ̀, èmi sì jókòó ti ọkọ̀ náà láti kọ́ ohun tó yẹ kí n ti kọ́ tẹ́lẹ̀. Ìwé kan wà nínú pigeonhole rẹ̀, èdè Japan ni gbogbo rẹ̀. Mo fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, mo ní kó túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ẹrù tí wọ́n ní kí ọkọ̀ náà gbé kò gbọdọ̀ ju kílò 350 lọ. Lítà omi kan, kílò kan ni. Omi 500 lítà, kílò 500, láì tíì ka táǹkì, láì tíì ka jẹnẹrétọ̀, àkàbà àti irinṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kòròpé náà fi gbé ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ fún wa. Ewúrẹ́ yẹn kò jẹ̀bi rárá.

Mo tún padà lọ wo fídíò Manchester. Lọ́tẹ̀ yìí, mo wo abẹ́ táǹkì. Férémù irin ni wọ́n gbé e lé, bóòtù ló sì dè é mọ́ ara ọkọ̀, ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ sì tóbi ju kòròpé lọ fíìfíì. Mo béèrè lọ́wọ́ ìbátan wa pé kí ló dé tí wọ́n nílò omi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní omi tí wọ́n ti yọ gbogbo iyọ̀ inú rẹ̀ ni, wọ́n kì í nu ún, wọ́n máa ń jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀ ni, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń da púpọ̀. Àti pé láti 2005, òfin iṣẹ́ orí òkè ní Britain sọ pé bí iṣẹ́ bá ṣeé ṣe láti ilẹ̀, kí wọ́n má gun òkè. Ìdí tiwọn wà. Àwa kàn wo àwòrán ni.

Ó dáa. Bí ọkọ̀ wa ṣe wà lónìí rèé.

A ta táǹkì, a ta jẹnẹrétọ̀. A ra kẹ́ẹ̀gì 25 lítà mẹ́fà. Ìyẹn jẹ́ kílò 150. Kẹ́ẹ̀gì tó kún kò ní àyè tí omi máa gbà rọ́ síwájú, èyí tó bá sì ti tán, a gbé òfìfo dání. Wẹ́dà jó férémù irin tí kẹ́ẹ̀gì wọ inú rẹ̀, kò ga ju orúnkún lọ. Ìta ló ti jó o, kì í ṣe inú ọkọ̀, torí epo wà nínú táǹkì ọkọ̀. Kí a tó lu ihò bóòtù, mẹkáníìkì kọ́kọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wo ibi tí páìpù epo àti ti bíréèkì gbà kọjá. Ẹ má fo ìyẹn o. A sì fi irin dí àárín ẹrù àti ìjókòó dírẹ́bà.

Fún fífọ́n omi, ẹ̀rọ oníbátìrì tí àwọn àgbẹ̀ ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ni a rà. Gbogbo ìlú wa ló mọ̀ ọ́n, bó bá bàjẹ́, ẹni tó máa tún un ṣe wà nítòsí. Ṣùgbọ́n tuntun ni kí ẹ rà. Èyí tí wọ́n ti fi fún oògùn apako rí, ẹ má gbé e wọ ilé onílé.

Ẹ gbọ́ ohùn yìí... Ẹ gbọ́ ọ? "Fììì" yẹn ni ọ̀pá onírọ́bà lórí gíláàsì tó ti mọ́. Bí ó bá ń ké wínríwín, ọṣẹ kò tó tàbí rọ́bà ti gbó. Ọmọ Ítálì kan tó ṣí lọ sí California, Ettore Steccone, ló ṣe irú èyí tó fúyẹ́, tó ní rọ́bà kan ṣoṣo, tó sì gba ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ rẹ̀ ní 1936. Títí dòní, òun náà ni. Gígùn méjì ni kí ẹ rà: èyí tó gùn fún ojú gíláàsì gbalasa, àti kékeré tó lè gba àárín irin olè kọjá. Fèrèsé àtijọ́ tí gíláàsì rẹ̀ wà ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ kò gba rọ́bà o, aṣọ ni. Ẹ di ìdí rẹ̀ mú, kó má baà yọ́ jábọ́. Ẹ ó wá di afọ́fèrèsé lóòótọ́.

Nígbà ọyẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku kúrò kí omi tó kàn án, torí eruku àti omi ló ń di ẹrẹ̀, iyanrìn inú ẹrẹ̀ ló sì ń ha gíláàsì. Omi náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ kán an sórí gíláàsì dúdú, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Bó bá fi àmì funfun sílẹ̀, iyọ̀ ilẹ̀ wà nínú rẹ̀, bí ti ọ̀pọ̀ kànga ẹ̀rọ. Ẹ fa á gbẹ kíákíá, kò ní ṣe nǹkan kan. Ní ìgbà òjò, omi òjò ni àwa ń gbè, lẹ́yìn tí òjò àkọ́kọ́ bá ti fọ òrùlé.

Àkàbà: bí orí rẹ̀ bá fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ga, kí ìdí rẹ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà kan jìnnà sí ògiri. Kí ẹ tó gbé e dúró, ẹ wòkè. Wáyà iná máa ń gba iwájú ilé kọjá, irin àti omi kì í bá iná ṣeré. Bí wáyà bá sún mọ́ fèrèsé, ẹ fi fèrèsé yẹn sílẹ̀, ẹ ṣàlàyé fún onílé.

Gbogbo ẹrù wa lónìí, pẹ̀lú férémù, bátìrì, àkàbà àti irinṣẹ́, jẹ́ nǹkan bíi kílò 230. Ọgọ́fà kílò tó ṣẹ́kù, a kò fọwọ́ kàn án. Ilé oníyàrá mẹ́rin kì í mu kẹ́ẹ̀gì méjì tán. Ẹ ò rí i? Garawa àti àkàbà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a padà wá bá.

Ìyá wa ti san oṣù 13 nínú 18. Owó fèrèsé ló fi ń san án báyìí. Àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì ṣì ń kí i lọ́jà, ìyẹn ló sì dùn mọ́ mi jù. Láàárọ̀ òní, kí ẹ̀gbọ́n mi tó jáde, ó na kẹ́ẹ̀gì ìkẹfà sí mi, ó ní, "Àbúrò, bá mi gbé e wò, ṣé ó kún dáadáa?" Mo gbé e wò. Ó kún.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó ka ìwé ọkọ̀ rẹ̀ kí ó tó ra táǹkì. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ire o.