Oṣù Mẹ́fà Ìkọ́ṣẹ́: Àmánà Láàrin Akẹ́kọ̀ọ́ àti Ọ̀gá Iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí kan ilé-ẹ̀kọ́, ó kan ilé-iṣẹ́, ó sì kan òtítọ́.

Ẹni tí ó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì ilẹ̀ Nàìjíríà kò lè fi ìwé kíkà nìkan parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọdún márùn-ún ni ẹ̀kọ́ náà. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, bí ó bá ti di ọdún kẹrin, akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, láti lọ fi ọwọ́ ṣe ohun tí ó ti kà. Ètò yìí ni ìjọba ń pè ní SIWES; I.T. ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Ọdún 1971 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ITF sílẹ̀ láti máa bójú tó ìkọ́ṣẹ́. Ọdún 1973 ni àjọ náà bẹ̀rẹ̀ SIWES, nítorí pé àwọn agbanisíṣẹ́ ń ráhùn pé àwọn tí ń jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga mọ ìwé, ṣùgbọ́n wọn kò mọ iṣẹ́.

Ètò náà dára. Ibi tí ìṣòro wà ni pé akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni ó sábà máa ń wá àyè. Yóò gba lẹ́tà ní ilé-ẹ̀kọ́, yóò sì máa gbé e kiri láti ilé-iṣẹ́ kan dé òmíràn ní Ìkẹjà, Ọ̀tà tàbí Àgbárá. Ẹni tí kò bá ní ojúlùmọ̀ nínú ọgbà, ẹ̀ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà lè dá a padà. Ẹlòmíràn a rí àyè, ṣùgbọ́n omi àti oúnjẹ ni wọn yóò máa rán an, kò ní fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan.

Níbẹ̀ ni ìdánwò ti ń dé. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ máa kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sínú ìwé tí wọ́n ń pè ní logbook. Ọ̀gá rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ni yóò máa fọwọ́ sí i. Olùkọ́ láti yunifásítì àti òṣìṣẹ́ ITF ni ó yẹ kí ó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn kan a jókòó sílé, wọn a da iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ, wọn a sì wá ẹni tí yóò lu òǹtẹ̀ fún wọn, yálà nítorí owó tàbí nítorí àánú. Èyí kò ní orúkọ mìíràn ju ẹ̀rí èké lọ. Ẹni tí ó kọ ọ́ jẹ́rìí èké, ẹni tí ó fọwọ́ sí i náà jẹ́rìí èké. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọjọ́ náà ni ọjọ́ tí wọ́n bá fa iṣẹ́ iná tàbí iṣẹ́ afárá lé e lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìkòyí, ní Èkó, wó lulẹ̀, ènìyàn tí ó lé ní 40 sì kú. A kò lè di ẹ̀bi irú jàǹbá bẹ́ẹ̀ ru akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ó fi hàn gbangba pé ẹ̀mí ènìyàn rọ̀ mọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà.

Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, kí ó tètè bẹ̀rẹ̀ sí wá àyè kí ìgbà tó tó. Èkejì, kí ó má ṣe gbójú lé ilé-iṣẹ́ elépo nìkan. Ẹni tí ó ń kọ́ nípa ilé àti ojú ọ̀nà lè lọ sí ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó iṣẹ́ òde. Ẹni tí ó ń kọ́ nípa iná lè lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń pín iná mànàmáná tàbí àwọn tí ń to iná olóòrùn. Ẹni tí ó ń kọ́ nípa ẹ̀rọ lè gbìyànjú ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò, tàbí ṣọ́ọ̀bù ẹni tí ń jó irin. Ibi kékeré tí ó ti ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ sàn ju ibi ńlá tí ó ti ń wò ó lókèèrè. Ẹ̀kẹta, kí ó kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí: ohun tí ó bàjẹ́, ohun tí ó bà á jẹ́, àti bí wọ́n ti tún un ṣe. Bí ibẹ̀ kò bá sì kọ́ ọ ní ohunkóhun, kí ó tètè fi tó ilé-ẹ̀kọ́ létí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò yọ àgbà sílẹ̀. Òfin ITF, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti tún un ṣe ní ọdún 1990, pa á láṣẹ pé kí àwọn agbanisíṣẹ́ máa gba akẹ́kọ̀ọ́ fún ìkọ́ṣẹ́. Nítorí náà, kì í ṣe ojú àánú ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tí ó ní ilé-iṣẹ́, kí ó gba ọmọ kan, kí ó má jẹ́ ọmọ ẹbí rẹ̀ nìkan. Ẹnjiníà tí ó ti fẹ̀yìntì lè mú akẹ́kọ̀ọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì lè ní yàrá kan ní Ọ̀tà, tí ọmọ tí ó ti Ìlọrin wá yóò máa sùn sí, nítorí owó ilé àti owó ọkọ̀ ni ó ń lé ẹlòmíràn padà sílé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Àmánà ni oṣù mẹ́fà yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ gba àmánà àkókò, ọ̀gá iṣẹ́ gba àmánà ìmọ̀, ẹni tí ó sì mú bírò láti fọwọ́ sí ìwé gba àmánà ẹ̀rí. Kí Ọlọ́hun fún oníkálukú ní agbára láti jẹ́ tirẹ̀ bí ó ti yẹ.