Kẹ̀kẹ́ Ológeere Oníná ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Òfin tí ó dè é
(Ọ̀rọ̀ tí Òṣìṣẹ́ Ìròyìn bá àwọn ará ìlú sọ ní ilé ìkàwé)

 

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kòkó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni. Ohun tí ó fà á nìyí: ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ìyá kan láti abúlé kan tí kò jìnnà sí ibí tọ̀ mí wá pẹ̀lú fóònù rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kí n gbọ́ ohun tí ọmọ òun tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ránṣẹ́. Ọmọ náà ní àwọn ọlọ́pàá dá òun dúró ní títì, wọ́n gba kẹ̀kẹ́ òun, wọ́n sì gbé e lọ. Owó àjọ tí ìyá yìí kó ni ó fi kún owó kẹ̀kẹ́ náà. Ó wí fún mi pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi là á yé mi. Kẹ̀kẹ́ ni ó wí, kì í ṣe mọ́tò. Kí ni ọmọ mi jí?”

Mo dá a lóhùn pé, “Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá, ọmọ yín kò jalè.” Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi ọmọ náà léèrè bí kẹ̀kẹ́ náà ti rí, ó hàn sí mi pé ó ti rú òfin, kò sì mọ̀ rárá pé òun rú u. Nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní ọmọ tàbí àbúrò ní ìlú London àti ní àwọn ìlú ńlá yòókù níbẹ̀, mo rò ó pé ó yẹ kí gbogbo wa mọ bí ọ̀ràn náà ti rí.

Ẹ̀yin àgbà ìlú kò ní gbàgbé kẹ̀kẹ́ Raleigh tí wọ́n ń ṣe ní Nottingham, èyí tí àwọn tíṣà àti àwọn akọ̀wé máa ń gùn láyé ọjọ́un. Ẹni tí ó bá ní i nígbà náà, ẹni àpọ́nlé ni. Kẹ̀kẹ́ oníná tí mo ń sọ yìí kò yàtọ̀ sí i púpọ̀ bí a bá wò ó lókèèrè: ẹsẹ̀ méjì ni ó ní, ó ní ṣéènì, ó sì ní ohun tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ kékeré kan wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ tàbí ní ìdí ibi ìtẹ̀sẹ̀, bátìrì sì wà lára irin rẹ̀. Bí ẹni tí ó gùn ún bá ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ náà yóò máa fi agbára tirẹ̀ kún un, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí a bá ń gun òkè tí ọmọ kan sì ń tì wá lẹ́yìn.

Ìwúlò rẹ̀ kò kéré. Ẹ jẹ́ kí a mú bátìrì kan tí ó jẹ́ fóòtì 36, tí ó sì gba áḿpíà 10 fún wákàtí kan. Bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po, wáàtì 360 fún wákàtí kan ni. Èyí lè gbé ènìyàn tó máìlì 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú sí àti bí ẹni náà bá ti wúwo sí. Láti gba iná sínú rẹ̀ kún, owó iná rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ju nǹkan bíi pẹ́ńsì 10 sí 15 lọ. Ẹ wá fi èyí wé owó ọkọ̀ tí òṣìṣẹ́ ń san lójoojúmọ́ ní ìlú ńlá. Kò yani lẹ́nu pé àwọn ọmọ wa tí ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn àti ní ilé ìtọ́jú arúgbó fẹ́ràn rẹ̀, nítorí òru kì í ṣe àkókò tí bọ́ọ̀sì pọ̀. Àwọn agbanisíṣẹ́ kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń ra kẹ̀kẹ́ fún òṣìṣẹ́ wọn, tí wọ́n sì ń yọ owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù kí ìjọba tó gba owó orí. Láti ọdún 1999 ni ètò yìí ti wà. Kí ọmọ yín kọ́kọ́ béèrè rẹ̀ níbi iṣẹ́ kí ẹ tó kó owó àjọ yín.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ òfin. Láti ọdún 1983 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe òfin fún irú kẹ̀kẹ́ yìí, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 2015. Òfin náà sọ pé bí kẹ̀kẹ́ oníná bá wà láàárín ààlà tí a pa fún un, kẹ̀kẹ́ lásán ni. Ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 14 lè gùn ún, láìní láísẹ́ńsì, láìsan owó ọkọ̀, láìní insọ́ránsì, láìní nọ́ńbà. Ní àríwá ilẹ̀ Ireland nìkan ni wọ́n ti ń béèrè láísẹ́ńsì tẹ́lẹ̀, títí wọ́n fi yí òfin tiwọn padà ní oṣù karùn-ún ọdún 2020.

Kí ni ààlà náà? Èkíní, ó gbọ́dọ̀ ní ibi ìtẹ̀sẹ̀ tí ó ṣeé fi wa kẹ̀kẹ́ náà ní tòótọ́. Èkejì, agbára ẹ̀rọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju wáàtì 250 lọ. Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé yín: áyọ́ọ̀nù tí télọ̀ fi ń lọ aṣọ lè jẹ wáàtì 1,000, nítorí náà agbára tí òfin fi fún kẹ̀kẹ́ yìí kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin ti áyọ́ọ̀nù lọ. Ẹ̀kẹta, nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá ti ń sá máìlì 15 ààbọ̀ ní wákàtí kan, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dá iṣẹ́ dúró. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá ní agbára ẹsẹ̀, tàbí bí ó bá ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó lè sáré ju bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ bá a dá sí i. A sì gbọ́dọ̀ rí i kà lára kẹ̀kẹ́ náà bí agbára rẹ̀ ti tó tàbí ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ rẹ̀, pẹ̀lú iye fóòtì bátìrì rẹ̀ tàbí bí ó ti lè sáré tó.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ tí a ń yí bí ti ọ̀kadà ni ó ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí wàhálà. Òfin gbà pé kí ẹ̀rọ dá gbé kẹ̀kẹ́ lọ láìfi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, bí kò bá ti ju ìwọ̀n ìrìn ẹsẹ̀ ènìyàn lọ, nǹkan bíi máìlì 4 ní wákàtí kan. Èyí tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, láti ọdún 2016, ó ní láti ní ìwé ìfọwọ́sí pàtàkì láti ọ̀dọ̀ ìjọba.

Kẹ̀kẹ́ ọmọ ìyá tí mo sọ níjẹ́ẹ̀lò, àlòkù ni. Ẹnì kan ti de ẹ̀rọ wáàtì 1,000 mọ́ ọn lẹ́yìn, ó ní ọwọ́ tí a ń yí, ó sì ń sá ọgbọ̀n máìlì ní wákàtí kan láìjẹ́ pé ó gbé ẹsẹ̀. Lójú òfin, alùpùpù ni. Alùpùpù sì gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà, láísẹ́ńsì, insọ́ránsì àti àṣíborí. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dunni ni pé bí ènìyàn tilẹ̀ fẹ́ gba nọ́ńbà fún un, kò ní rí i gbà, nítorí ẹni tí ó tò ó pọ̀ kò gba ìfọwọ́sí kankan. Bí kò bá sí nọ́ńbà àti insọ́ránsì, àwọn ọlọ́pàá kò ní dá a padà. Inú ẹ̀rọ tí ń run irin ni ó máa ń bá a lọ. Owó ìtanràn ẹni tí ó wa ọkọ̀ láìní insọ́ránsì jẹ́ pọ́n-ún 300, wọn a sì kọ àmì ẹ̀bi 6 sí láísẹ́ńsì rẹ̀. Bí ẹni náà kò bá tíì lo ọdún méjì pẹ̀lú láísẹ́ńsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àmì 6 yẹn tó láti gba láísẹ́ńsì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí kẹ̀kẹ́, ó pàdánù mọ́tò!

Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà: ọmọ tí ó lọ pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ fífi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ kiri fún àwọn oníbàárà, iṣẹ́ ara ẹni ni wọ́n sábà máa ń kà á sí. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lè bófin mu kí òun fúnra rẹ̀ má bófin mu.

Ó ku ọ̀rọ̀ iná, òun ni ó sì wúwo jù lọ́kàn mi. Irú bátìrì yìí, bí ó bá jẹ́ ayédèrú, tàbí bí ó ti ṣubú tí ara rẹ̀ fọ́, tàbí bí a bá fi ẹ̀rọ ìgbaná tí kì í ṣe tirẹ̀ gba iná sí i, lè gbiná lójijì. Kì í jó bí igi ti ń jó. Ó máa ń bú gbàmù ni, èéfín rẹ̀ sì ní májèlé. Ní ìlú New York, ní ọdún 2023 nìkan, ènìyàn 18 ni iná irú bátìrì bẹ́ẹ̀ pa. Ní ìlú London, láti ìparí oṣù kẹta ọdún 2025, wọ́n ti fi òfin de gbígbé kẹ̀kẹ́ oníná tí kò ṣeé ká pọ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Àwọn ọmọ wa sì wà tí wọ́n ń gbé yàrá kan ní ènìyàn mẹ́ta, tí kẹ̀kẹ́ wọn wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù ní alẹ́ òní. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má ṣe gba iná sí bátìrì nígbà tí wọ́n bá ń sùn, kí wọ́n má sì gbé e sí ojú ọ̀nà tí wọn yóò gbà sá jáde.

Àwọn kan nínú yín ti ń bi mí bóyá ọmọ lè gbé irú rẹ̀ bọ̀ wálé nínú ẹrù. Kò ṣeé ṣe nínú ọkọ̀ òfuurufú tí ń gbé èrò. Bátìrì tí ó bá ju wáàtì 160 fún wákàtí kan lọ, wọn kò gbà á lọ́wọ́ èrò. 360 ni a sì ṣírò lẹ́ẹ̀kan.

Ìyá yẹn tún padà wá sọ́dọ̀ mi ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Ọmọ rẹ̀ ti ra òmíràn, ibi iṣẹ́ ni ó gbà á fún un, ó sì ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Ìyá náà na ìka sí ìwé kékeré tí ó wà lára irin kẹ̀kẹ́ náà, ó ní kí n ka ohun tí ó wà níbẹ̀ sókè. Mo kà á: 250. Ó ní kí n tún un kà.