Ohun Ìjà tí Ọmọ Tuntun Gbé Wáyé

Bí aboyún bá sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, “Ẹ kú ewu ọmọ” ni Yorùbá fi ń kí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ewu ìrọbí nìkan ni ìkíni yìí ń tọ́ka sí, èyí tí ó ti kọjá. Ewu ti ìyá lè ti rọlẹ̀. Ti ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Láàárín wákàtí díẹ̀ tí ó dé ayé, àwọn kòkòrò àìfojúrí tí a ń pè ní bakitéríà yóò ti bo awọ ara rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ibi nínú, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn lè wọ inú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n sì pa á. Ní ọdún 2022, nǹkan bí mílíọ̀nù 2.3 ọmọ ni ó kú ní gbogbo àgbáyé kí wọ́n tó pé oṣù kan. Irú àrùn bẹ́ẹ̀ wà lára ohun pàtàkì tí ó ń pa wọ́n.

Kí ni ọmọ tuntun wá fi ń jà? Oríṣi ààbò méjì ni ara ènìyàn ní. Èkíní ni ààbò àkọ́ṣe: ara a máa kọ́ bí yóò ṣe dá ọ̀tá mọ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti bá a pàdé, tàbí tí a bá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Èkejì ni ààbò àbínibí, èyí tí kì í dúró de ẹ̀kọ́. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nba ààbò tí ìyá fún un nínú oyún, èkejì yìí ni ọmọ ọjọ́ kan gbójú lé.

Àwọn purotéènì kan wà lára ohun ìjà rẹ̀. Lysozyme ni ọ̀kan, èyí tí Alexander Fleming ròyìn ní ọdún 1922, ọdún mẹ́fà kí ó tó ṣe alábàápàdé pẹnisílíìnì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wó ògiri tí ó yí bakitéríà ká. Ti lactoferrin yàtọ̀: irin ni ó ń gbá mú, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ bakitéríà kò sì lè bí sí i láìsí irin. Ẹni tí ó bá gbé oúnjẹ pamọ́ fún ọ̀tá ti ja ogun láìyọ idà. Ẹ̀kẹta, BPI, ń gbé inú sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀. Ibi tí ọmọ ti kù díẹ̀ káàtó nìyí: ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1999 fi hàn pé BPI inú sẹ́ẹ̀lì ọmọ tuntun kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti àgbàlagbà lọ.

Ẹ̀dá kò fi àléébù yìí sílẹ̀ láìtún un ṣe. Lysozyme àti lactoferrin wà nínú ọ̀rá funfun tí ó máa ń bo ara ọmọ nígbà tí a bá bí i. Lactoferrin sì pọ̀ nínú omi ọmú àkọ́kọ́, tí ó ki, tí ó sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ju inú èyí tí ó ń tẹ̀ lé e lọ.

Ó ṣeni láàánú pé àwọn méjèèjì gan-an ni a máa ń dà nù. Àwọn ìyá àgbà kan ní bí a kò bá fi kànìnkànìn bó ọ̀rá náà kúrò kíákíá, ara ọmọ yóò máa rùn nígbà tí ó bá dàgbà. Àwọn abiyamọ kan a sì máa fún omi ọmú àkọ́kọ́ dà nù, kí wọ́n tó fún ọmọ ní omi tàbí àgbo. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí ọmọ mu ọmú láàárín wákàtí kan tí a bí i, kí ìwẹ̀ àkọ́kọ́ sì dúró di wákàtí 24.

Olùkọ́ èdè ni mí, n kì í ṣe oníṣègùn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé orúkọ a máa ro ọmọ. Ẹni tí ó bá pe omi ọmú yìí ní ìdọ̀tí, dídànù ni yóò dà á nù. Bí a bá ń pè é ní àkọ́sun, bóyá ọwọ́ kò ní í yá láti dà á nù mọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bá wa fi orúkọ náà sí ẹnu àwọn ènìyàn.

Àmọ́ ṣá o, ohun ìjà àbínibí kò borí gbogbo ogun. Ọmọ tí ó bá kọ ọmú, tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tí ó tutù ju bí ó ti yẹ lọ, tàbí tí ó ń mí gúlegúle, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.