Ẹlẹ́rìí Inú Kọ̀ǹpútà: Ohun Tó Yẹ Kí Àtúnṣe Máa Dáàbò Bò

Ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lórí apá kan nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí ojú kì í sábà tó, ìyẹn sọ́fútíwíà tó ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ inú ẹ̀rọ sílẹ̀, àkọsílẹ̀ tí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní log. Ẹni tó wọlé, ẹni tí ẹ̀rọ lé padà nítorí pé ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé rẹ̀ kò bá mu, iṣẹ́ tó dojú rú lóru, gbogbo rẹ̀ ló ń kọ, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Bí owó bá pòórá, ibẹ̀ la ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹlẹ́rìí ni. Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé òdodo ẹlẹ́rìí yìí ló yẹ kí iṣẹ́ àtúnṣe kọ́kọ́ máa dáàbò bò, kí a tó fi ọ̀ṣọ́ kankan kún un.

Láàárín ọdún 1980 sí 1989 ni Eric Allman, ní Yunifásítì California tó wà ní Berkeley, ṣe syslog, sọ́fútíwíà tó ń kọ irú àkọsílẹ̀ yìí, fún Sendmail, sọ́fútíwíà tó ń gbé lẹ́tà láti orí kọ̀ǹpútà kan dé òmíràn. Ó wúlò débi pé àwọn mìíràn gbà á lò, àmọ́ ọdún 2001 ni wọ́n tó kó ìṣe tó wà nílẹ̀ jọ sínú ìwé tó ń jẹ́ RFC 3164. Nínú ìwé yẹn, ibi tí wọ́n ń kọ àkókò sí gba oṣù, ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá. Kò gba ọdún, kò sì sọ aago ìlú wo ni. Ẹ jẹ́ ká fojú sí i dáadáa. Ká ní sáfà (server) kan wà ní Èkó, òmíràn wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹnìkan sì wọ inú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà ní òru ọdún tuntun. Ti Èkó yóò kọ "Jan 1 00:15:00", ti Lọ́ńdọ̀nù yóò kọ "Dec 31 23:15:00". Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo ni, àmọ́ lójú ẹni tó ń ka àkọsílẹ̀ méjèèjì, ó lè dà bíi pé ọdún kan gbáko ló wà láàárín wọn. RFC 5424, tó jáde lọ́dún 2009, ló mú ọdún àti ìyàtọ̀ aago wọ inú ìlà kọ̀ọ̀kan. Àtúnṣe tí kò ní ariwo ni, lójú tèmi kò sì sí èyí tó níyì jù ú lọ. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ṣì ń kọ ọ́ bí ti àtijọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti fífi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́. Ọ̀nà àtijọ́, UDP, kì í dúró gbọ́ bóyá ìlà tó fi ránṣẹ́ dé. Bó bá sọnù lọ́nà, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Àwọn sọ́fútíwíà tó tẹ̀lé syslog, ìyẹn syslog-ng tí Balázs Scheidler bẹ̀rẹ̀ ní Hungary lọ́dún 1998 àti rsyslog tí Rainer Gerhards bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 2004, ṣiṣẹ́ ribiribi lórí pípàdánù yìí. Journald, òmíràn nínú irú sọ́fútíwíà yìí, náà ní ìwà kan tí mo fẹ́ràn: bí ìlà bá ń ya wọlé ju bó ṣe yẹ lọ, yóò da àwọn kan nù, àmọ́ yóò kọ iye tó dànù sílẹ̀. Ẹlẹ́rìí tó bá sọ ibi tí òun kò rí, a lè gba ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́.

Log4j, sọ́fútíwíà mìíràn tó ń kọ log, ló fi hàn pé ọ̀ṣọ́ lè ba ẹlẹ́rìí jẹ́. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni lábẹ́ Apache Software Foundation ló ń tọ́jú rẹ̀, àìmọye sọ́fútíwíà tí wọ́n fi èdè Java kọ ló sì ń lò ó. Lọ́dún 2013, wọ́n fi ohun kan kún un tí wọ́n kà sí ìtẹ̀síwájú: bó bá rí irú ọ̀rọ̀ kan láàárín ìlà tó fẹ́ kọ, kò ní kọ ọ́ bó ṣe rí, yóò lọ wá ìtumọ̀ rẹ̀ níbòmíràn, àní lórí kọ̀ǹpútà àjèjì. Ó di Oṣù Kejìlá ọdún 2021 kí aráyé tó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá lè mú kí Log4j kọ ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ${jndi:ldap:// lè pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà. Nínú eré Minecraft, kí ènìyàn tẹ̀ ẹ́ síbi tí àwọn tó ń ṣeré ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ ti tó. CVE-2021-44228 ni nọ́ńbà àléébù náà. 10 nínú 10 ni wọ́n gbé ewu rẹ̀ sí. Ẹni tí a ní kó máa kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ti ń jẹ́ iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń rán an.

Àwọn kan yóò sọ pé àtúnṣe gan-an ló ń fa wàhálà, pé sáfà tó bá ń ṣiṣẹ́, kí a má fọwọ́ kàn án. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Láàárín Oṣù Kejìlá ọdún 2021 nìkan, ẹ̀dà Log4j 2.15.0, 2.16.0, 2.17.0 àti 2.17.1 jáde tẹ̀léra, torí pé èyí tó ṣáájú kò dí gbogbo ihò. Lọ́dún 2014, wọ́n rí i pé nọ́ńbà tó ń ṣáájú ìlà syslog, tí kò yẹ kó kọjá 191, lè dá rsyslog dúró bí ẹnìkan bá mọ̀ọ́mọ̀ kọ èyí tó tóbi gan-an. Àtúnṣe àkọ́kọ́ kò tó, wọ́n tún ṣe òmíràn. Àmọ́ ẹ wo ibi tí àwọn àtúnṣe náà kọrí sí. Ẹ̀dà 2.16.0 kò fi ọgbọ́n tuntun kún Log4j. Ńṣe ló yọ wíwá ìtumọ̀ inú ọ̀rọ̀ kúrò pátápátá, tó sì ti JNDI, ọ̀nà tó ń gbà lọ wá ìtumọ̀ náà, pa àyàfi bí ẹni tó ni ẹ̀rọ bá dìídì ṣí i. Ẹni tó sì kọ̀ láti lo ẹ̀dà àkọ́kọ́ nítorí pé kò pé, ihò tó tóbi jù lọ ló fi sílẹ̀ gbayawu. Ní ti àìfọwọ́kàn, ní Oṣù Kìíní ọdún 2019 ni ilé-iṣẹ́ Qualys kéde àwọn àléébù inú journald. Ọ̀kan ti wà níbẹ̀ láti ọdún 2011: tí wọ́n bá lo òun àti èkejì rẹ̀ pọ̀, ẹni tó ní ààyè láti wọ ẹ̀rọ ṣùgbọ́n tí kò ní àṣẹ pàtàkì lórí rẹ̀ lè di ọ̀gá rẹ̀. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, àwọn sáfà tó ń lo journald ń ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì ráhùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní Nàìjíríà lọ́nà tó lágbára. Abala 38 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Ẹ̀rọ Ayélujára ti ọdún 2015 pàṣẹ pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń pèsè ìbánisọ̀rọ̀ tọ́jú àkọsílẹ̀ ìbánisọ̀rọ̀ àti ti oníbàárà wọn fún ọdún méjì. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 sì sọ pé kí ilé-ẹjọ́ tó gba ìwé tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde, ó gbọ́dọ̀ hàn pé kọ̀ǹpútà náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa lásìkò tọ́rọ̀ kàn, tàbí pé àbùkù tó ní kò kan òótọ́ inú ìwé náà. Báwo ni ẹlẹ́rìí tó ní àléébù tí gbogbo ayé ti mọ̀, tí àtúnṣe rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, yóò ṣe la abala yìí kọjá? Ẹ̀yin agbẹjọ́rò, nígbà mìíràn tí wọ́n bá gbé àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà síwájú yín, ẹ béèrè sọ́fútíwíà tó kọ ọ́, ẹ̀dà rẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n ṣàtúnṣe rẹ̀ kẹ́yìn. Ẹ̀yin ọ̀gá báńkì àti ti iléeṣẹ́ ìjọba, ẹ jẹ́ kí ìdáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí wà ní àkọsílẹ̀ kí wọ́n tó bi yín.