Ẹsẹ̀ Wa, Kẹ̀kẹ́ Wa àti Àkùrọ̀ Odò Rima

(Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ìlera àti Eré Ìdárayá sọ níbi ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀ ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní ìlú Sókótó)

  

Nígbà tí àwọn tó ń ṣètò ọjọ́ òní ní kí a wá sọ̀rọ̀, wọ́n rò pé owó gbọ̀ngán ni a ó sọ̀rọ̀ lé lórí. A dá wọn lóhùn pé ọ̀rọ̀ owó ní àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni tiwa. Bàbá kan nínú wọn bú sẹ́rìn-ín, ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, òkè wo, igbó wo ló wà ní Sókótó tí ẹ fẹ́ kó wa lọ rìn? Ṣé inú iyanrìn ni?"

Ìbéèrè bàbá yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí bàbá náà ti ń gbé ìlú yìí, kò sì tíì sọ̀ kalẹ̀ dé etí odò tó wà lẹ́yìn ìlú rí. Kì í ṣe òun nìkan. Ilé, ọjà, ibi iṣẹ́, àti mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì: ibi mẹ́rin yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ní Sókótó. Bí a bá jáde kúrò nínú wọn, inú ọkọ̀ tó ń lọ sílé fún ọdún ni.

ODÒ TÓ WÀ LẸ́YÌN ILÉ WA

Muhammad Bello, ọmọ Shehu Usman dan Fodio, ló tẹ Sókótó dó ní ọdún 1809. Kì í ṣe inú iyanrìn lásán ló tẹ̀ ẹ́ dó sí. Orí ilẹ̀ tó ga díẹ̀ ni, nítòsí ibi tí odò Rima àti odò Sókótó ti pàdé. Odò Sókótó wá láti ìhà Funtua, ó gba Gusau àti Talata Mafara kọjá. Odò Rima ní tirẹ̀ gba ìhà Goronyo àti Wurno wá. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá ti di ọ̀kan, wọn a gba Argungu àti Birnin Kebbi kọjá, wọn a sì lọ já sínú Odò Ọya.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò, ẹ̀yin èèyàn wa. Omi tó ń ṣàn lábẹ́ afárá lẹ́yìn ìlú yìí ni yóò bá Odò Ọya kọjá ní Jẹ́bà, tí yóò sì dé Lọ́kọ́ja. Ẹni tí àárò ilé bá ń sọ, kó lọ dúró létí odò Rima. Omi yẹn ń lọ sí apá ibi tí a ti wá.

Ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò yìí ni àwọn onílé wa ń pè ní fadama; àkùrọ̀ ni àwa ń pè é nílé. Òjò Sókótó kò ju nǹkan bí oṣù mẹ́rin lọ, láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹsàn-án. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí omi sì fà sẹ́yìn, àwọn àgbẹ̀ a wọ inú àkùrọ̀ lọ pẹ̀lú àlùbọ́sà, aáyù, tòmátì àti ọ̀dùnkún. Púpọ̀ nínú àlùbọ́sà tí àwọn ìyá wa ń dì sínú àpò ránṣẹ́ sí Ìbàdàn àti Èkó, inú irú àkùrọ̀ yìí ló ti jáde. Igi náà sì wà níbẹ̀: mángòrò, àjàgbọn tí wọ́n ń pè ní tsamiya, oṣè, igi igbá, dongoyárò, àti goruba tó dà bí ọ̀pẹ tó pín orí.

A kò ní parọ́ fún yín. Àfonífojì jíjìn tí igbó bò kò sí níbí bíi ti ilé. Ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, omi Olúmirìn ń já bọ́ láti orí àpáta ní ìpele méje, inú igbó ni èèyàn sì ń gbà gun un. Ní Ìdànrè, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni à ń gùn kí a tó dé ìlú àtijọ́ tó wà lórí òkè. Ní Ìkọ́gòsì, omi gbígbóná àti omi tútù ń pàdé lábẹ́ igi. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ọmọ wa tí a bí sí Sókótó bóyá wọ́n mọ ọ̀kan nínú àwọn ibi wọ̀nyí. Wọn kò mọ̀ ọ́n. Ẹ tún bi wọ́n nípa Rima, wọn kò mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Wọn kò mọ ilẹ̀ ilé, wọn kò mọ ilẹ̀ àjò. Ọmọ tí kò mọ ilẹ̀ kankan, níbo ni yóò fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ sí?

ÀWỌN TÓ TI RÌN ṢÁÁJÚ WA

Ọ̀nà tó ti ilẹ̀ Yorùbá wá sí Sókótó ti wà kí ọkọ̀ tó dé. Ní ìparí ọdún 1825, Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland, gbéra ní Àgbádárìgì pẹ̀lú ìránṣẹ́ rẹ̀ Richard Lander àti àwọn mìíràn. Wọ́n dé Ọ̀yọ́-Ilé ní oṣù kìíní ọdún 1826. Wọ́n sọdá Odò Ọya ní ìhà Bussa, wọ́n gba Kano wá sí Sókótó. Ẹsẹ̀ àti ẹṣin ni. Pearce àti Morrison tí wọ́n jọ gbéra kú sójú ọ̀nà. Clapperton fúnra rẹ̀ kú ní ẹ̀bá Sókótó níbí ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1827. Lander ló padà dé Àgbádárìgì. Àwọn oníṣòwò obì tí a kò kọ orúkọ wọn sínú ìwé ti ń rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kí òyìnbó tó mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn náà ni àwọn bàbá wa dé. Ojú irin tó gba Gusau kọjá dé Kaura Namoda ní ọdún 1929, kò sì dé Sókótó. Ẹni tó bá wọ rélùwéè láti ilé, Gusau ni yóò ti bọ́ sílẹ̀, yóò sì tún wá ọkọ̀ ẹrù fún nǹkan bí 200 kìlómítà. Gbogbo wa la mọ ìtàn àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ń gbé aṣọ àwìn káàkiri, tí wọ́n sì ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà oníbàárà títí wọn yóò fi gba owó wọn. Àwọn àgbà wa níbí sọ fún wa pé kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n fi ń ná ọjà abúlé: aṣọ lẹ́yìn, omi níwájú, pọ́ńpù lára férémù. Wọ́n mọ orúkọ abúlé, wọ́n mọ orúkọ baálẹ̀ rẹ̀. Àwa ọmọ wọn ní mọ́tò, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a mọ̀ kò tó tiwọn.

ỌJỌ́ TÍ A SỌ̀ KALẸ̀ SÍ ÀKÙRỌ̀

Ní àsìkò ọyẹ́ tó kọjá, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, àwa mọ́kànlá gbéra lórí kẹ̀kẹ́ ní ìdájí. A dorí kọ ìhà Kwalkwalawa, ní ọ̀nà tó lọ sí Dundaye níbi tí Yunifásítì Usmanu Danfodiyo wà. Kò jìnnà, bíi kìlómítà mẹ́wàá ni sí ìlú. A kúrò lójú títì, a bọ́ sí ojú ọ̀nà ẹsẹ̀ láàárín oko. Ọ̀nà náà tóóró tó bẹ́ẹ̀ tí a fi sọ̀ kalẹ̀ tí a ń ti kẹ̀kẹ́ wa.

Ìkùukùu ṣì wà lórí omi. Lékeléke funfun dúró lẹ́yìn màlúù. A gbọ́ ìró ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú odò, a rí bí omi ṣe ń gba ojú poro kéékèèké wọ inú ebè àlùbọ́sà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ọmọkùnrin kan ń fi ọkọ́ ṣí ọ̀kan tó sì ń dí èkejì. Òórùn ewé àlùbọ́sà gba gbogbo afẹ́fẹ́. Nígbà tí oòrùn mú, a jókòó sábẹ́ igi gawo. Igi yìí yàtọ̀: bí òjò bá dé, yóò wọ́wé, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí igi yòókù gbẹ, òun yóò rúwé. Àwọn àgbẹ̀ kì í gé e, nítorí ẹran ń jẹ èso rẹ̀, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì máa ń lọ́ràá.

Àgbẹ̀ àgbàlagbà kan wà níbẹ̀. A kí i pé "Sannu da aiki." Ó dáhùn, ó sì bi wá pé kí ni a wá rà. A ní a kò wá ra nǹkan kan, a wá wo ibẹ̀ ni. Bàbá náà wò wá títí, ó ní: "Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń jẹ àlùbọ́sà wa. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ wá kí wa."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wá lára. Ìyá kan wà láàárín wa tó ti ń ta àlùbọ́sà fún ọdún méjìlélógún. Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ rí àlùbọ́sà nínú ilẹ̀. Ó ráhùn fún bàbá àgbẹ̀ pé ẹrù òun máa ń jẹrà lójú ọ̀nà. Bàbá náà fa ọ̀kan tu, ó fi ọrùn rẹ̀ hàn án. Ó ní bí ọrùn àlùbọ́sà kò bá tíì gbẹ dáadáa kí a tó dì í sápò, dandan ni kó jẹrà. Ṣùgbọ́n bí owó bá ti gbéra lọ́jà, àwọn oníṣòwò kì í jẹ́ kí àwọn sá a pẹ́. Ìyá wa dákẹ́. Ó ti ń bínú sí àgbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò mọ̀ pé ìkánjú àwa oníṣòwò wà nínú ẹjọ́ náà. Láti ọjọ́ náà, òun àti bàbá yẹn ti di oníbàárà ara wọn.

Nígbà tí a ń padà, ẹ̀gún lu táyà kẹ̀kẹ́ méjì. Nínú àwa mọ́kànlá, kò sí ẹni tó mú gọ́ọ̀mù dání. Ọmọ bàbá àgbẹ̀ yìí ló bá wa lẹ̀ ẹ́, ó sì kọ̀, kò gba owó. A ti kọ́gbọ́n.

NÍTORÍ KÍ NI A FI Ń SỌ GBOGBO ÈYÍ?

Èkíní, nítorí ẹ̀mí wa. Láàárín ọdún méjì, àgbà mẹ́ta ni ẹgbẹ́ wa sin, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn rọpárọsẹ̀ ló sì mú wọn lọ. A ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láti òwúrọ̀ di alẹ́, a ń jẹ ẹ̀bà ní aago mẹ́wàá, a sì ń sùn lé e. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 ṣe eré ìdárayá lọ́sẹ̀, kí ọmọdé sì máa fi ìṣẹ́jú 60 ṣe é lójoojúmọ́. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀márùn-ún lọ́sẹ̀ ni ti àgbà. Kò gba owó, ẹsẹ̀ nìkan ló gbà.

Èkejì, nítorí ìrẹ́pọ̀. Ẹni tí a kò bá kí nígbà tí ara dẹ̀, ojú yóò tì wá láti sá tọ̀ ọ́ nígbà ìnira.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé, "Ààbò ńkọ́?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, àwọn agbébọn pa èèyàn tó lé ní 40 ní ọjà Goronyo. Àwọn àgbẹ̀ ní ìhà Isa àti Sabon Birni ti jìyà púpọ̀. Ọ̀nà tí àwọn bàbá wa ń fi kẹ̀kẹ́ gbà láìwẹ̀yìn, a kò gbọdọ̀ fi orí kunkun gbà á mọ́. Nítorí náà, ìlànà wa nìyí:

1. A kò ní lọ jìnnà sí ìlú, a kò sì ní lọ ibi tí àwọn ará abúlé kò bá ní kí a wá.
2. A ó rán ẹnì kan lọ sọ fún baálẹ̀ ibẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà.
3. Ìdájí ni a ó máa jáde, a ó sì ti wọ ilé kí oòrùn tó kàn wá lórí. Oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni àsìkò rẹ̀.
4. Ọmọdé kankan kò gbọ́dọ̀ wẹ̀ nínú adágún tàbí odò, nítorí kòkòrò tó ń ti ara ìgbín inú omi jáde, tó ń mú ọmọ tọ ẹ̀jẹ̀. Ní àsìkò òjò, a kò ní dé etí odò rárá. Ẹni tó bá rántí oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, nígbà tí omi Goronyo ya wọ abúlé àti oko, yóò mọ ìdí rẹ̀.
5. Omi mímu, fìlà, pọ́ńpù àti gọ́ọ̀mù: ẹni tí kò bá mú wọn dání, kó dúró sílé.

OHUN TÍ A Ń TỌRỌ

Ẹ̀yin olówó wa tó ń bọ̀ wá sí orí tábìlì lónìí, gbọ̀ngán ṣe pàtàkì, ẹ bá wa kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ mẹ́wàá tí yóò jẹ́ ti ẹgbẹ́, kí ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lágbára lè gùn ún. Ẹ jẹ́ kí Àbámẹ́ta kan lóṣù ní àsìkò ọyẹ́ jẹ́ ti àkùrọ̀. Bí ìsinmi gígùn bá sì dé, kí ẹgbẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sílé, kí wọ́n gun Olúmirìn, kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Ní ọjọ́ tí a bá ṣí gbọ̀ngán, ẹ jẹ́ kí a pe àwọn àgbẹ̀ etí odò wá jẹun pẹ̀lú wa. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àlejò tó bá gbàgbé onílé rẹ̀.

Ẹ ó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ bàbá tó bi wá ní ìbéèrè já sí. A sọ ìtàn yìí fún un bí a ṣe sọ ọ́ fún yín. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kẹ̀kẹ́ òun àtijọ́ ṣì wà lẹ́yìnkùlé, táyà rẹ̀ nìkan ló kú. Fọkanáísà ti wà lórí rẹ̀ báyìí.

 Ọlọ́run yóò fún wa ní ẹsẹ̀ ire, yóò sì mú àlàáfíà padà sí gbogbo ọ̀nà ilẹ̀ yìí. Àmín, àṣẹ.